Bí A Ṣe Ń Wá Owó Onírin Tó Níye Lórí Nínú Páálí Báńkì ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti dúró pẹ́ lórí ìlà nínú báńkì kan ní Amẹ́ríkà lè ti rí irú oníbàárà kan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Yóò dé iwájú káńtà, yóò ka 500 dọ́là oníbébà sílẹ̀, wọn yóò sì gbé páálí kékeré kan fún un tó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí pé ẹgbẹ̀rún kan owó onírin àbọ̀ dọ́là ló wà nínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wọ̀n ju kílógíráàmù 11 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, oníbàárà yìí kan náà yóò gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ sí báńkì mìíràn, yóò dà á sínú ẹ̀rọ tó ń ka owó, yóò sì gba owó bébà rẹ̀ padà. Lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ, ó jọ ẹni tó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni onítọ̀hún ń ṣe, ohun tó sì ń dọdẹ rẹ̀ ni ẹyọ owó kan tàbí méjì tí ìjọba kọ sẹ́ǹtì 50 sí lára, àmọ́ tí fàdákà inú rẹ̀ níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nítorí wọ́n gbà pé iye kan ṣoṣo ni owó máa ń ní. Owó onírin, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kọ́ìnsì, lè ní iye mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni iye tí ìjọba kọ sí i lára, èyí tí báńkì yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín nígbàkígbà. Èkejì ni iye irin tí wọ́n fi rọ ọ́, èyí tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà àgbáyé. Ẹ̀kẹta ni iye tí aṣàkójọ, ìyẹn ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ, bá fẹ́ san nítorí pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tàbí nítorí àṣìṣe kan tó wáyé nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Orí iye àkọ́kọ́ ni gbogbo ọgbọ́n wíwá owó nínú páálí dúró lé, torí pé òun kì í yẹ̀: ohun tí ẹ fi 500 dọ́là gbà, 500 dọ́là náà ni yóò padà jẹ́ bí ẹ kò bá rí ohunkóhun mú nínú rẹ̀. Àkókò yín àti epo ọkọ̀ nìkan ló lè sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀fẹ́, gẹ́gẹ́ bí n ó ṣe sọ níwájú.

Kí ọdún 1965 tó dé, owó onírin mẹ́ta kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ná, ìyẹn dáìmù (sẹ́ǹtì 10), kọ́tà (sẹ́ǹtì 25) àti àbọ̀ dọ́là (sẹ́ǹtì 50), jẹ́ fàdákà ní ìdá 90 nínú 100, bàbà sì ni ìdá 10 tó kù. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, fàdákà ń wọ́n sí i, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń lò ó sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó onírin fúnra rẹ̀ ń di ohun tí àwọn ọlọ́jà ń wá tì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun tó yọ fàdákà kúrò pátápátá nínú dáìmù àti kọ́tà, tí wọ́n sì wá ń fi bàbà rọ inú wọn, tí wọ́n ń fi àdàlù bàbà àti irin níkẹ́ẹ̀lì bo ojú méjèèjì. Àbọ̀ dọ́là nìkan ni wọ́n fi fàdákà ìdá 40 nínú 100 sílẹ̀ fún, títí wọ́n fi yọ òun náà kúrò ní ọdún 1971. Bí owó méjì bá wà lọ́wọ́ ènìyàn, tí iye tí a kọ sí wọn lára dọ́gba, àmọ́ tí ọ̀kan jẹ́ fàdákà tí èkejì kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí yóò ná kò ṣòro láti mọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, fàdákà ti wọnú àpótí àti ìgò àwọn ènìyàn, ìjọba pàápàá sì ṣa púpọ̀ nínú èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó yọ́ ọ.

Àbọ̀ dọ́là ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà ló sì fà á tí àwọn ọdẹ owó fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n pa Ààrẹ John Kennedy ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ìjọba pinnu láti fi àwòrán rẹ̀ sára àbọ̀ dọ́là, owó tuntun náà sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1964. Àwọn ènìyàn kò ná an. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ohun ìrántí. Nígbà tó fi máa di pé ìjọba rọ ọ́ tó iye tó yẹ, àwọn ọlọ́jà ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lò ó, títí di òní yìí sì ni ọ̀pọ̀ àpótí owó ní ilé ìtajà kò ní àyè kankan fún un. Láti ọdún 2002 sí 2020, kìkì fún àwọn aṣàkójọ ni wọ́n ń rọ ọ́, wọn kò rọ èyí tí báńkì yóò pín fún ará ìlú. Nítorí èyí, àbọ̀ dọ́là tó wà ní báńkì kì í yí lọ yí bọ̀ lọ́jà bíi kọ́tà. Ó kàn ń sùn nínú ilé ìṣúra ni, láti ilé ẹnì kan sí báńkì, láti báńkì sí ilé ọdẹ owó, àwọn tó sì ń ṣà á lójoojúmọ́ kò tíì ṣà á tán.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni pé báwo ni fàdákà ṣe lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí àwọn ọlọgbọ́n ti ń ṣà á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé fàdákà tuntun kì í dẹ́kun láti wọlé. Bàbá arúgbó kan kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n rí ìgò owó onírin, wọ́n sì gbé e lọ sí báńkì láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé jí owó inú kólò ìyá àgbà fi ra ìpápánu. Olè tó fọ́ ilé onílé ń wá bí yóò ṣe yára sọ ẹrù náà di owó bébà. Ní báńkì, akọ̀wé ń ka iye, kò ka ọdún. Láti ibẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ alágbára gbé owó, irú bíi Brink's àti Loomis, yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ wọn yóò sì dì í sínú ìdì tuntun, ìyẹn bébà tí wọ́n yí mọ́ owó onírin tí wọ́n tò pọ̀, èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí. Bí ẹyọ owó náà ṣe fẹ̀ tó ni ẹ̀rọ ìdìwó ń wò, àti ti ọdún 1964 àti ti òní, ọgbọọgba ni wọ́n fẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀nà náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka ọdún tí a kọ sára owó, àlàfo yìí gan-an ni ọdẹ owó sì ń gbà wọlé.

Iye tó wà nínú ìdì àti páálí kọ̀ọ̀kan kì í yí padà. Ìdì àbọ̀ dọ́là ní ẹyọ 20, ìdì kọ́tà ní 40, ìdì dáìmù ní 50, ìdì níkẹ́ẹ̀lì (sẹ́ǹtì 5) ní 40, ìdì pẹ́nì (sẹ́ǹtì 1) sì ní 50. Páálí àbọ̀ dọ́là àti ti kọ́tà jẹ́ 500 dọ́là, ti dáìmù 250, ti níkẹ́ẹ̀lì 100, ti pẹ́nì 25 péré. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lè fi páálí pẹ́nì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé 25 dọ́là yóò fún un ní ẹyọ 2,500 láti fi kọ́ ojú rẹ̀ ní ìwòye. Ìdì méjì ló wà tí kò jọra: èyí tí ẹ̀rọ dì, tí bébà rẹ̀ le dáadáa tí etí rẹ̀ sì ká wọlé gírígírí, àti èyí tí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì nílé. Bí akọ̀wé bá sọ pé èyí tí ọwọ́ dì nìkan ló kù, ẹ má ṣe bínú, ẹ yára gbà á ni, nítorí ó ṣeé ṣe kó wá tààrà láti inú àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò. Páálí tó bá sì jẹ́ kìkì owó tuntun tó ń dán, tí ọdún kan náà wà lára gbogbo rẹ̀, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀ láti máa wá.

Ìwà ọmọlúàbí ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí ju bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe máa ń sọ lọ. Kò sí òfin tó ní ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó onírin ní báńkì kí ẹ sì tú u wò, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó fi dandan lé báńkì pé kó máa bá yín béèrè páálí. Ẹ ní àpamọ́wó níbẹ̀, ẹ kí akọ̀wé dáadáa, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi páálí kan kún ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́sẹ̀ náà, ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, torí pé àwọn mìíràn ń gbà á. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dá owó tí ẹ ti tú padà sí báńkì tó fún yín ní páálí. Yàtọ̀ sí pé ẹ óò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn, ẹ lè sanwó epo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti lọ gba owó tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín tú. Nítorí èyí ni àwọn ọdẹ owó ṣe máa ń ní báńkì tí wọ́n ti ń gbà àti èyí tí wọ́n ti ń dà á sílẹ̀.

Bí ìdì bá ti tú, ẹ má ṣe kọ́kọ́ máa ka ọdún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ to owó náà pọ̀ kí ẹ sì wo etí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Owó tí kò ní fàdákà ní ìlà pupa bàbà ní àárín etí rẹ̀, tó hàn kedere; fàdákà ìdá 90 funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní ìlà kankan, nítorí náà yóò ta yọ láàárín àwọn yòókù bí aṣọ funfun láàárín aṣọ elépo. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni fàdákà ìdá 40, tí ọdún rẹ̀ wà láàárín 1965 sí 1970, nítorí pé etí rẹ̀ lè ní àwọ̀ tó ṣú díẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti ka ọdún. Bí òṣùwọ̀n kékeré bá wà lọ́wọ́ yín, iyèméjì yóò parí: àbọ̀ dọ́là fàdákà ìdá 90 wọ̀n gíráàmù 12.5, ti ìdá 40 wọ̀n 11.5, èyí tí kò ní fàdákà sì wọ̀n 11.34. Kọ́tà fàdákà wọ̀n 6.25, èyí tí kò ní wọ̀n 5.67. Àbọ̀ dọ́là tó ní ọdún 1963 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ní Kennedy lára. Benjamin Franklin ló wà lórí rẹ̀ láti 1948 sí 1963, kó tó sì dìgbà yẹn, obìnrin tó ń rìn lọ síhà oòrùn ló wà lára ti 1916 sí 1947.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iye rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró sórí afẹ́fẹ́. Àbọ̀ dọ́là ìdá 90 ní nǹkan bí 0.36 áúnsì fàdákà nínú (áúnsì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta fàdákà, nǹkan bíi gíráàmù 31), kọ́tà ní 0.18, dáìmù ní 0.072, àbọ̀ dọ́là ìdá 40 sì ní 0.148. Ká ní áúnsì fàdákà kan jẹ́ 30 dọ́là, àbọ̀ dọ́là ọdún 1964 yóò tó nǹkan bíi dọ́là 10 àti sẹ́ǹtì 85, kọ́tà yóò lé ní dọ́là 5, dáìmù yóò lé ní dọ́là 2, àbọ̀ dọ́là ìdá 40 yóò sì lé ní dọ́là 4. Iye fàdákà ọjọ́ náà ni kí ẹ máa fi ṣe ìsọdipúpọ̀, kì í ṣe 30 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ yìí. Alágbàtà tí yóò rà á lọ́wọ́ yín yóò sì yọ èrè tirẹ̀ kúrò kó tó sanwó. Páálí kan lè mú márùn-ún wá, páálí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e sì lè máa mú òfo wá. Ẹni tó bá ka wákàtí tó fi jókòó mọ́ ọn, tó sì ka epo ọkọ̀, yóò rí i pé iṣẹ́ àṣelà kọ́ ni èyí fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe é. Ìgbádùn ni, tí èrè díẹ̀ máa ń bá rìn. Mo rò pé ó yẹ kí a sọ èyí jáde gbangba, nítorí pé ẹni tó bá fi owó ilé gbígbé ra páálí nítorí ìrètí fàdákà yóò kábàámọ̀.

Níkẹ́ẹ̀lì àti pẹ́nì kò sí nínú òfin 1965 yẹn, nítorí náà ọdún tí a ń wá lára wọn yàtọ̀. Níkẹ́ẹ̀lì kò fìgbà kan jẹ́ fàdákà àfi ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba nílò irin níkẹ́ẹ̀lì fún ohun ìjà, tí wọ́n sì fi fàdákà ìdá 35 rọ́pò rẹ̀ láti apá kejì ọdún 1942 títí di 1945. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn: lẹ́tà ńlá kan, P, D tàbí S, wà lókè òrùlé ilé tó wà lẹ́yìn owó náà. Lẹ́tà yìí ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ owó, P fún Philadelphia, D fún Denver, S fún San Francisco, ìgbà yẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Philadelphia fi lẹ́tà rẹ̀ sára owó rárá. Ní ti pẹ́nì, yàtọ̀ sí ti ọdún 1943 tí n ó sọ níwájú, bàbà ni ìdá 95 nínú rẹ̀ títí di ọdún 1982, kí wọ́n tó yí i sí síǹkì tí wọ́n kàn fi bàbà díẹ̀díẹ̀ kùn lára. Ní ọdún 1982 fúnra rẹ̀, oríṣi méjèèjì ló jáde, òṣùwọ̀n ló sì máa ń yà wọ́n dáadáa: ti bàbà wọ̀n gíráàmù 3.11, ti síǹkì wọ̀n 2.5.

Àwọn kan ń kó pẹ́nì bàbà jọ nítorí wọ́n gbọ́ pé bàbà inú rẹ̀ níye lórí ju sẹ́ǹtì kan lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kò lè yọ́ ọ. Láti òpin ọdún 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ka yíyọ́ pẹ́nì àti níkẹ́ẹ̀lì léèwọ̀, ẹni tó bá sì rú òfin náà lè san owó ìtanràn tó tó 10,000 dọ́là tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Òfin kan náà ló dín iye pẹ́nì àti níkẹ́ẹ̀lì tí ènìyàn lè kó jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà kù, ìyẹn ni pé ẹni tó ń ronú láti di àpò pẹ́nì mọ́ ẹrù tó ń bọ̀ wálé ní láti tún un rò. Fàdákà kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ọ̀rọ̀ pẹ́nì sì ti gba ọ̀nà mìíràn báyìí, nítorí pé rírọ ẹyọ kan ṣoṣo ń ná ìjọba ju sẹ́ǹtì mẹ́ta lọ, wọ́n sì rọ èyí tó kẹ́yìn fún ìná ní Philadelphia ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Èyí tó wà nílẹ̀ ṣì jẹ́ owó, a ṣì ń ná an, ṣùgbọ́n òpin tó dé bá rírọ rẹ̀ kò sọ pẹ́nì inú àpò yín di ohun iyebíye. Wọ́n ti pọ̀ jù fún ìyẹn.

Èyí gan-an ló gbé wa dé ibi tí ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé fídíò jáde pé kọ́tà tí wọ́n kọ 1776–1976 sí lára, tí onílù sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Wọ́n rọ kọ́tà yẹn ju bílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ láti fi ṣàjọyọ̀ igba ọdún òmìnira Amẹ́ríkà. Sẹ́ǹtì 25 ni iye rẹ̀ bó bá ti lọ káàkiri ọwọ́ àwọn ènìyàn. Iye tí ẹnì kan bá kọ sí ọjà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Ẹ wo èyí tó ti tà, ẹ má ṣe wo èyí tí wọ́n ń béèrè. Irọ́ kejì ni pé owó tí kò ní lẹ́tà ìlú lára jẹ́ àṣìṣe ńlá. Philadelphia kì í fi lẹ́tà sára owó rẹ̀, yàtọ̀ sí níkẹ́ẹ̀lì ìgbà ogun, títí di nǹkan bí ọdún 1980, pẹ́nì Philadelphia sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in títí dòní. Láti 1965 sí 1967 sì rèé, kò sí ìlú kankan tó fi lẹ́tà sára owó, torí ìjọba kò fẹ́ kí àwọn aṣàkójọ máa kó owó pamọ́ nígbà tí ọjà nílò rẹ̀. Dáìmù ọdún 1982 tí kò ní P ni àṣìṣe gidi tó yẹ kí ẹ dá dúró lé lórí.

Àṣìṣe mìíràn tó jẹ́ òótọ́ ni pẹ́nì ọdún 1955 tí gbogbo lẹ́tà àti ọdún ara rẹ̀ hàn ní méjì-méjì, bí ẹni pé ojú ẹni tó ń wò ó ló ń ṣe bàìbàì. Nǹkan bí 20,000 irú rẹ̀ ló bọ́ síta. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú lásán rí i; ohun tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó ni ẹ ń rí òjìji kan níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé irinṣẹ́ tó ti gbó ló fa ìyẹn. Pẹ́nì ọdún 1943 náà ń da ènìyàn lọ́kàn rú. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n fi rọ ọ́ lọ́dún yẹn nítorí ogun ń fẹ́ bàbà, ó sì funfun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣèèṣì jẹ́ bàbà, àwọn yẹn sì ṣọ̀wọ́n gidigidi, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi ń kun ti irin ní bàbà. Ẹ fi òòfà kàn án: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni.

Kò pọn dandan kí ohun tó ṣọ̀wọ́n jẹ́ ti ayé àtijọ́. Ní ọdún 2019 àti 2020, ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ rọ kọ́tà kan ní West Point, ibòmíràn tí wọ́n ti ń rọ owó, tó ní lẹ́tà W lára, mílíọ̀nù méjì-méjì fún iṣẹ́ ọnà mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn kọ́tà, wọ́n sì dà wọ́n mọ́ àwọn yòókù kí àwọn ènìyàn lè máa wá wọn nínú ṣẹ́ńjì. Mílíọ̀nù méjì dà bí iye tó pọ̀ lójú wa, àfi tí a bá fi wé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù tí wọ́n máa ń rọ láti Philadelphia àti Denver fún iṣẹ́ ọnà kan náà. Ẹ yí orí George Washington sókè, ẹ wo apá ọ̀tún níbi tí irun rẹ̀ gbé parí. Kọ́tà ọdún 2022 tó ní àwòrán Maya Angelou, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, rẹwà lójú tèmi, ó sì yẹ ní títọ́jú fún ọmọ, àmọ́ wọ́n rọ òun lọ́pọ̀ yanturu.

Ẹni tó bá wà ní ìlú ọba yóò rí i pé ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Britain máa ń fòpin sí owó àtijọ́ rẹ̀, bí ó ṣe ṣe sí owó onírin pọ́n-ùn kan tó rí roboto ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, nígbà tí Amẹ́ríkà kì í sọ pé owó tí òun ti rọ kì í ṣe owó mọ́. Nítorí èyí, fàdákà kò sí nínú àpò owó báńkì ní London tàbí Manchester. Iṣẹ́ ọnà ara owó ni wọ́n ń wá, pàápàá lára 50p, ìyẹn owó onírin àbọ̀ pọ́n-ùn: èyí tó ní Kew, ọgbà ewéko kan ní London, ti ọdún 2009, tí wọ́n rọ 210,000 péré, àti èyí tó ní ẹja salmon ti ọdún 2023, tí wọ́n rọ 200,000.

Nílé wa ní Nàìjíríà, báńkì kò ní páálí tí ènìyàn lè gbà. Owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007 kò pẹ́ lọ́jà tí àwọn ènìyàn fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wa ni orúkọ tó wà lẹ́nu àwọn àgbà, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti ìgò owó tí ìyá àgbà tọ́jú sínú àpótí aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí irú ìgò bẹ́ẹ̀, kó ka ọdún. Ṣílè Nàìjíríà ti ọdún 1959 tó ní orí Ọbabìnrin Elizabeth kò ní fàdákà nínú, àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Ṣùgbọ́n ṣílè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì, tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, tí ọdún rẹ̀ sì wà láàárín 1913 sí 1919, fàdákà gidi ni, ìdá 92.5 nínú 100. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ́pò rẹ̀, àwọ̀ pupa rúsúrúsú rẹ̀ ni yóò sì sọ fún yín.

Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Àṣà wa ni pé ohun tó ṣú yẹ ní bíbó, àmọ́ ọṣẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn ń ha ojú owó, aṣàkójọ tó bá sì rí ojú tí wọ́n ti ha yóò gé iye tó fẹ́ san sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ fi sínú bébà tàbí ike tó gbẹ, ẹ sì gbé èyí tí ẹ bá rò pé ó ṣọ̀wọ́n lọ sọ́dọ̀ alágbàtà méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbà pé iye kan ni iye rẹ̀.

Bí páálí bá wúwo jù fún yín láti fi bẹ̀rẹ̀, ibì kan wà tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka owó onírin ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá, tí Coinstar wọ́pọ̀ jù nínú wọn, kò rí bí ẹ̀rọ ìdìwó tí mo sọ nípa rẹ̀ ní òkè: òun ń dán irin wò, bí fàdákà bá sì gba inú rẹ̀ kọjá, ó sábà máa ń rò pé ayédèrú tàbí owó ilẹ̀ òkèèrè ni, yóò sì tì í jáde sínú agbada kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í bẹ̀rẹ̀ wò ó kí wọ́n tó lọ. Bí ẹ bá ń kọjá, tí kò sí ẹni tó dúró tì í, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kan wò inú rẹ̀.